Ikùn Alágogo, Ìbàdí Aránṣọ

Ẹyin ló dá ìjà sílẹ̀ nílé Alágogo láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n ti ní kó máa jẹ funfun rẹ̀, kó fi pupa sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé abọ́ síwájú rẹ̀, ó rí i pé wọ́n ti yọ pupa náà kúrò kó tó dé ọ̀dọ̀ òun, ìyẹn sì dùn ún.

"Jíjẹ ni wọ́n ní n má jẹ ẹ́," ó ní. "Wọn ò ní n má wò ó."

"Ẹ wò ó lánàá, ẹ sì jẹ ẹ́," ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn.

"Níbo ló wà báyìí?"

Obìnrin náà ò lè dáhùn mọ́, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ló wà.

Yàrá iwájú ilé wọn ni ọkùnrin náà ti ń tún agogo ṣe. Apá kejì yàrá kan náà ni ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ sí. Alágogo àti Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Láti ọjọ́ tí dókítà ti sọ pé ikùn Alágogo ti pọ̀ jù, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru, ikùn náà ti di ohun tí gbogbo ilé ń ṣọ́ bí ọmọ tuntun. Wọ́n gbé iyọ̀ pamọ́ fún un. Wọ́n ra ẹ̀rọ ìwọ̀n fún un; láràárọ̀ ló ń gùn ún, á sì ké ohun tí ẹ̀rọ náà bá sọ jáde kí àwọn aládùúgbò lè gbọ́. Owó òwú Aránṣọ ni wọ́n fi rà á, Aránṣọ fúnra rẹ̀ ò sì gùn ún rí, àfi ọjọ́ tó ń nu eruku orí rẹ̀, ọwọ́ ló sì fi nù ún.

Ọ̀rá tí wọ́n bá yọ lójú ọbẹ̀ Alágogo, awọ ẹja tí wọ́n bá bó kúrò nínú àwo rẹ̀, ìrẹsì tó bá fi ìbínú tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tíì aládùn tí wọ́n bá já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tó bá mu ún dé ìdajì, kò sí èyí tó ń dé ààtàn nínú wọn. Oúnjẹ kì í ṣòfò nílé Aránṣọ. Ohun tí wọ́n bá gbà lẹ́nu ọkọ, ẹnu ìyàwó ni wọ́n ń kó o lọ. Rọ́bà ló wá ń fi sí ìbàdí gbogbo síkẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ báyìí. Ó ní rọ́bà kì í bínú síni.

Ọjọ́ náà ni Alágogo máa padà lọ fún àyẹ̀wò, ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin fi tètè dé. Opó ni Àǹtí Àgbà, òpópó kejì ló ń gbé, kì í sì í kan ilẹ̀kùn. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, ó ti wọ ilé ìdáná, ó ti ń ṣí ìkòkò.

"Ta ló fi epo sí èyí?"

"Tèmi nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n mi," Aránṣọ ní. "Tiwọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ìkòkò méjì nínú ilé kan. Má lọ ṣèèṣì bu tìẹ fún un o. Ọkùnrin ni ikùn ń pa. Ikùn tobìnrin, ìgbádùn ni." Ó pa ìkòkò dé, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Wò ó bó ṣe rù. Wò ó bí ọrùn rẹ̀ ṣe dà."

Alágogo na ọrùn náà kó lè hàn dáadáa.

Aránṣọ mú páálí kan tó fi ń gé àwòṣe ọrùn aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ara rẹ̀.

"Kí ló ń ṣe ìwọ tó ò ń fẹ́ ara rẹ bí ẹni tó jókòó ti iná?"

"Ooru ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ooru wo? Òtútù ń mú èmi."

Aránṣọ dá ọwọ́ dúró. Orí ti ń fọ́ ọ láti àná, ó sì ti mu omi tí ìkòkò omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ṣì gbẹ bí òwú. Ó ti fẹ́ sọ ọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n àìsàn kan ṣoṣo ló wà nínú ilé náà, ó sì ti ní olóhun.

Orí òkè kékeré kan ni ilé ìwòsàn wà, àtẹ̀gùn gígùn ló sì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí pé dókítà ní kí Alágogo máa fẹsẹ̀ rìn, wọn ò wọ ọkọ̀. Alágogo ń lọ níwájú, ó káwọ́ méjèèjì sẹ́yìn bí ọ̀gá ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú ìgò omi rẹ̀, aṣọ ìnujú rẹ̀, agboòrùn rẹ̀, àti ṣẹ́ẹ̀tì tó máa pààrọ̀ sí tó bá làágùn. Nígbà tí Aránṣọ gun àtẹ̀gùn dé àárín, ó dúró, ó fọwọ́ ti ògiri.

"Kí ló dé?" ọkọ rẹ̀ bèèrè látòkè.

"Mo fẹ́ mí ni."

"Ìwọ tí nǹkan kan ò ṣe? Èmi aláìsàn ti gùn ún tán."

"Ẹ kú iṣẹ́ o," Aránṣọ ní, ó sì gbé àpò rẹ̀ padà sí èjìká.

Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n ní gbọ̀ngàn tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà jẹ́ obìnrin tín-ín-rín kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀ yẹn. Ó so aṣọ dúdú tí wọ́n fi ń wọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ apá Alágogo, ó fún un, ó wò ó. Ó fi téèpù yí ikùn rẹ̀ ká.

"Ẹ ṣe dáadáa, Bàbá. Ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀. Ikùn yín náà ti ń fà wọlé."

Ojú Alágogo yí padà díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ tún un wò. Èmi ni mo mọ bó ṣe ń ṣe mí."

"Ó ti dáa, Bàbá. Ta ló ń bá yín ṣe ètò oúnjẹ?"

"Mo máa ń kó ara mi níjàánu ni."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè, ó wo ìyàwó tó dúró lẹ́yìn ọkùnrin náà. Obìnrin náà fara ti ògiri lábẹ́ àwòrán ńlá kan tí wọ́n fi ń kìlọ̀ fún àwọn èèyàn nípa ikùn. Ọkùnrin kan ni wọ́n yà sínú àwòrán náà, ẹran lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò lọ́wọ́ òsì, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde kúrò nínú páálí. Wọn ò ya obìnrin kankan sí i. Òógùn ń sọ̀ kalẹ̀ lójú Aránṣọ dé àgbọ̀n.

"Màmá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ n wo tiyín náà."

"Èmi kọ́ ni aláìsàn o. Mo kàn sìn wọ́n wá ni."

"Mo gbọ́. Ẹ na apá yín."

Nọ́ọ̀sì so aṣọ dúdú náà, ó fún un, ó wò ó. Ó tú u, kò sọ nǹkan kan, ó lọ so ó mọ́ apá kejì. Lẹ́yìn náà, ó fi abẹ́rẹ́ gún un lórí ìka, ó gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó wo ẹ̀rọ kékeré kan. Ó wá fa téèpù yọ, ó yí i mọ́ ọn níkùn.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ Aránṣọ ti dìde nínú rẹ̀.

"Ìbàdí kọ́ nìyẹn, ọmọ mi. Òkè díẹ̀ ni ìbàdí wà, níbi tí ara ti wọlé."

"Mi ò fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì fún yín, Màmá. Ibi tí ara ti jáde ni mò ń wọ̀n. Ẹ mí síta."

Gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni Aránṣọ ti fi ń sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà: ẹ mí síta, mi ò ní í pariwo rẹ̀. Ó ti máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nínú. Nísinsìnyí, òun náà há èémí mọ́ra títí ojú rẹ̀ fi dúdú.

"Màmá," nọ́ọ̀sì ní.

Ó mí síta. Téèpù sáré gùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì.

Alágogo na ọrùn wò ó. "Tèmi ṣì ju tirẹ̀ lọ," ó ní, ìgbéraga díẹ̀ sì wà nínú ohùn rẹ̀.

"Ìdíje kọ́, Bàbá. Ìlà tí wọ́n fà fún ọkùnrin jìnnà díẹ̀. Èyí tí wọ́n fà fún obìnrin sún mọ́tòsí. Màmá ti kọjá tiwọn tipẹ́. Ẹ̀yin ti ń padà bọ̀ síbi tiyín."

"Ṣùgbọ́n ọkùnrin ni nǹkan yìí máa ń mú."

"Ó máa ń tètè mú ọkùnrin, òótọ́ ni." Nọ́ọ̀sì ká téèpù rẹ̀ mọ́ ìka bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Obìnrin tó bá ṣì ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, ohun kan wà lára rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọ. Ìdí àti itan ni ọ̀rá rẹ̀ máa ń lọ, kì í fi bẹ́ẹ̀ yọ ọkàn lẹ́nu níbẹ̀. Tí nǹkan oṣù bá ti dáwọ́ dúró, ẹ̀ṣọ́ ti lọ sílé nìyẹn. Ọ̀rá á kó lọ sí ikùn. Ẹ̀jẹ̀ ríru á dé, ṣúgà á tẹ̀ lé e. Wọn kì í dá rìn. Obìnrin tó ń bọ̀ lẹ́yìn á wá bá ọkùnrin lójú ọ̀nà, á tún yà á sílẹ̀. Tí ṣúgà bá sì wọ ara obìnrin, ó máa ń na ọkàn rẹ̀ ju bó ṣe ń na ti ọkùnrin lọ. Màmá, ṣé ooru máa ń mú yín?"

Aránṣọ kọ́kọ́ wo ọkọ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba àyè kí ooru tó mú un.

"Díẹ̀."

"Òùngbẹ ńkọ́? Orí fífọ́?"

"Díẹ̀díẹ̀ ni."

"Kí ló dé tí ẹ ò wá?"

"Ọ̀rọ̀ tiwọn la ṣì ń bá kiri."

Wọ́n pe dókítà. Dókítà wo ohun tí nọ́ọ̀sì kọ, ó ní obìnrin náà ò ní í lọ sílé lónìí, pé àwọn máa fún un ní oògùn, àwọn á sì máa wò ó títí ẹ̀jẹ̀ náà á fi rọlẹ̀, nítorí pé bó ṣe wà yìí, ó lè sọ ọ́ di arọ tàbí kó gbé e lọ pátápátá.

Ọkọ àti ìyàwó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ta ló máa se oúnjẹ wọn?" Aránṣọ bèèrè.

"Ta ló máa se oúnjẹ mi?" Alágogo bèèrè.

Dókítà wo ọkọ, ó wo ìyàwó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Nọ́ọ̀sì wo fèrèsé.

Aránṣọ ní kí wọ́n jọ̀ọ́, òun á sáré lọ sè é, òun á sì padà wá. Ó dìde. Ilé yí po mọ́ ọn lójú, ó wá àga kò rí i, ó sì jókòó gẹ̀ẹ́ sórí itan ọkọ rẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tó ń dúró de dókítà. Ọkùnrin àgbàlagbà kan gbójú sílẹ̀ fún ìtìjú. Alágogo fẹ́ ní kó dìde, kí ni gbogbo èyí níta gbangba, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn obìnrin náà ti lẹ̀ mọ́ àyà rẹ̀, ó sì ń gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré. Ó ń lù kìkìkì, kò sinmi, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí ẹsẹ̀ ò kúrò lórí rẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń fi etí gbọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tó ti kọ́ṣẹ́. Ó mọ èyí tó ń lọ geere, ó sì mọ èyí tó fẹ́ já. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.

"Dókítà," ó ní, ohùn rẹ̀ sì ti kéré, "bẹ́ẹ̀dì dà?"

Nígbà tó máa fi délé láti wá oúnjẹ, ìròyìn ti dé ṣáájú rẹ̀. Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn tó ń ta búrẹ́dì. Rédíò ni wọ́n ń pè é, ẹ kò sì ní béèrè ìdí. Oníbàárà kan ti sọ fún un pé wọ́n ti dá ọ̀kan nínú tọkọtaya náà dúró sí ilé ìwòsàn. Rédíò ò béèrè pé ọ̀kan wo. Àwọn aládùúgbò ti to àga yí yàrá ká. Àǹtí Àgbà jókòó sáàárín, ó ti tú gèlè, ó ń sọ bí òun ṣe kìlọ̀ fún ìyàwó náà nípa epo láàárọ̀ yìí gan-an. Alágogo fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé. Bàbá kan nínú àwọn àlejò dìde, ó tún jókòó.

"Ta wá ni wọ́n dá dúró?" Àǹtí Àgbà bèèrè.

"Ìyàwó mi ni."

"Kí ló ṣe é?"

"Ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣúgà. Ikùn."

"Àìsàn tìẹ nìyẹn." Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n jà lólè. "Kí ló wá kàn án tó fi ń ṣe àìsàn ẹni ẹlẹ́ni?"

"Ẹ̀gbọ́n," Rédíò ní, "wọ́n ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Ó jọ pé àìsàn náà rí bẹ́ẹ̀."

Àwọn àlejò wá yíjú sí Alágogo, wọ́n kí i kú ìrọ́jú. Wọ́n ní ó mà ṣe o, ọkùnrin tí ara rẹ̀ ò yá, ta ló máa wá tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ẹnìkan gbé ọsàn sórí itan rẹ̀. Alágogo gbà á, ó dúpẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà rẹ̀.

"Kò sí nǹkan tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀," ó ní. "Kò sọ fún mi."

"Ẹ bi í rí?" Rédíò bèèrè.

Àwọn agogo ara ògiri ń dún, kálukú pẹ̀lú àkókò tirẹ̀. Alágogo wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó bá òun dáhùn, nítorí pé láti kékeré ni obìnrin náà ti máa ń bá a dáhùn. Àǹtí Àgbà ń wo gèlè tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá wa la ń tọ́jú," ó ní nígbà tó yá. "Màmá wa ló kú."

Kò pariwo rẹ̀.

"Abọ́ Bàbá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó ṣubú," Àǹtí Àgbà ní. "A ní ọwọ́ ayé ni. A bá gbogbo aládùúgbò jà."

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í rántí iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé. Wọ́n dìde ní méjìméjì.

Ẹ̀wà ni wọ́n fẹ́ sè. Alágogo ò mọ ibi tí ẹ̀wà wà, kò mọ ibi tí ìkòkò wà, ó sì ní láti yọjú lójú fèrèsé béèrè lọ́wọ́ Rédíò, ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ láìwọlé. Nígbà tó rí ẹ̀wà, ó gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, ó fi awò kékeré tó fi ń wo inú agogo sójú, ó ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀wà ni o," Àǹtí Àgbà ké sí i láti ilé ìdáná, "kì í ṣe góòlù."

Ẹ̀wà jinná lápá kan, ó sì jóná lápá kejì. Àǹtí Àgbà tọ́ ọ wò, ó yọ ṣíbí lẹ́nu, ó wo ṣíbí náà.

"Bu iyọ̀ sí i."

"Wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ sí nínú rẹ̀."

"Ohun tí ò ń jẹ láti ọjọ́ yìí nìyí?"

"Tiwa kì í jóná," Alágogo ní.

Ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni máa yin oúnjẹ Aránṣọ nínú ilé ìdáná yẹn, kò sì sí nílé láti gbọ́ ọ.

Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí àwọn méjèèjì gbé ìkòkò lọ sí ilé ìwòsàn. Aránṣọ dùbúlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́bi tí kò yẹ kó wà. Bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ dìde, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

"Dùbúlẹ̀," Alágogo ní. Ó bu ẹ̀wà sínú abọ́, ó gbé e lé e lọ́wọ́. Aránṣọ fi díẹ̀ sẹ́nu, ó pa ojú dé.

"Ta ló sè é?"

"Èmi ni."

"Mo ti rò bẹ́ẹ̀." Ó mú òmíràn.

Ọkọ rẹ̀ jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo òrùlé.

"O ò sọ fún mi," ó ní.

"Ta ni n bá sọ ọ́ fún? Aláìsàn ni yín."

Ọkùnrin náà mú ọsàn tí àwọn àlejò gbé fún un jáde. Ó bó ọsàn kan fún un. Ó bó o burúkú, ó sì fi ẹ̀wù ara rẹ̀ nu omi tó dà sí i lọ́rùn.

Àǹtí Àgbà ò tíì jókòó. Ó ń mí bí ẹni tó gbé ẹrù gun òkè. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, tó ti wú débi tí bàtà fi fi àmì sí i, ó wo nọ́ọ̀sì tó ń bọ̀.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lẹ máa ń ti ilẹ̀kùn yín níbí?"

"Kí lẹ fẹ́ ṣe, Màmá?"

"Mo kàn béèrè ni." Ó gbé gèlè rẹ̀ láti ọwọ́ kan sí ìkejì. "Téèpù yẹn, ṣé aláìsàn nìkan lẹ fi ń wọ̀n?"

Nọ́ọ̀sì ti fa àga sún mọ́ ọn. Ó so aṣọ dúdú mọ́ ọn lápá, ó fún un, ó wò ó. Ó tú u, kò sọ nǹkan kan, ó lọ so ó mọ́ apá kejì. Alágogo ti mọ ìtumọ̀ apá kejì. Ó dìde dúró.

Nọ́ọ̀sì lọ tẹ́ aṣọ sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Aránṣọ.

"Fún ta ni?" Àǹtí Àgbà bèèrè. "Èmi wá kí aláìsàn ni."

"Ẹ ti kí i, Màmá. Ẹ dùbúlẹ̀."

Àǹtí Àgbà wo àbúrò rẹ̀ kó bá òun jà. Alágogo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bá a tú bàtà. Obìnrin náà gun bẹ́ẹ̀dì, ó fa aṣọ dé àyà, ó dojú kọ òrùlé, ó sì dákẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀. Lórí bẹ́ẹ̀dì kejì, Aránṣọ ti yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ẹkún ló ń sun.

Alágogo dúró láàárín àwọn méjèèjì pẹ̀lú ìkòkò ẹ̀wà àti ṣíbí kan ṣoṣo. Ó dúró díẹ̀, bóyá ẹnìkan á bi í bí ara tirẹ̀ ṣe rí. Kò sẹ́ni tó bi í. Ó mú ṣíbí náà, ó lọ fọ̀ ọ́ ní ẹnu ẹ̀rọ omi, ó sì padà wá bu ẹ̀wà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.